Ọjọ́ Mẹ́rin Létí Omi, Sairakan Ò Fẹsẹ̀ Kàn Án

Mo fi irùngbọ̀n mi búra, mo fi ẹṣin kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi búra, pé kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi Sairakan ìyàwó mi fúnra rẹ̀, bó bá láyà. Èmi ò láyà láti bi í mọ́.

Lórí òkè ni wọ́n bí Sairakan sí, níbi tí koríko ti ń tán tí yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú àgọ́ onírun, lọ́jọ́ tí ìjì gbé òrùlé àgọ́ náà lọ. Wọ́n ní ọmọ náà ò ké. Ó kàn ń wojú ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ bi í pé ta ló rán an níṣẹ́ yẹn. Ojú yẹn náà ló fi ń wò mí títí dòní. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó sì ti da àgùntàn fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta láti ìgbà náà. Ó bí ọmọ márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn lórí ẹṣin, ẹṣin náà ò sì dúró. Kì í ka àgùntàn, ó mọ̀ wọ́n lójú. Bí irinwó àgùntàn bá ń wọ ọgbà nírọ̀lẹ́, á kàn gbójú sókè níbi tó ti ń pọ́n tíì, á ní, "Ẹlẹ́tí dúdú yẹn ò sí níbẹ̀." A ó lọ wá a, a ó sì bá a nínú kòtò.

Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń fẹ́ láyé: kó wọ inú adágún Issyk-Kul dé ọrùn. Kì í ṣe kó lúwẹ̀ẹ́ o, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kó kàn wọ̀ ọ́ dé ọrùn, kó dúró díẹ̀, kó jáde. Bàbá rẹ̀ ló ti sọ fún un ní kékeré pé etí omi yẹn làwọn èèyàn wọn ti ṣí wá, pé omi náà kì í dì nígbà òtútù, pé èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé inú dígí ló dúró sí.

Mo ṣèlérí fún un lọ́dún tí a ṣègbéyàwó. Lọ́dún kejì, àwọn àgùntàn ń bímọ. Lọ́dún kẹta, òun fúnra rẹ̀ ń bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn la tún ń rẹ́ irun àgùntàn, la tún ń gé koríko òtútù. Ìjọba dé, wọ́n ní àgùntàn kì í ṣe tèèyàn kan. Ìjọba mìíràn dé, wọ́n ní kí kálukú wá mú tirẹ̀, a sì wá wọn títí, a ò rí ju mọ́kànlá lọ. Wákàtí mẹ́fà péré ni nínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí mẹ́fà, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta!

Lọ́dún yìí, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Bàbá Temir," ó wí, "ọdún yìí ni, àbí kó má sí mọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní lè gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì."

Temir ọmọ wa gba ọjọ́ mẹ́rin níbi iṣẹ́ rẹ̀ nígboro láti wá dúró ti àwọn àgùntàn. Ọjọ́ mẹ́rin, kò gbọdọ̀ lé. Ni a bá gbéra.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń kìlọ̀ fún un. "Sairakan, arìnrìn-àjò afẹ́ ni wá o. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, Naryn la ti wá, a wá wo omi. Má ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló fẹ́ ka baba?" ó wí. "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ìlú kékeré kan báyìí ni a sọ̀ sí, láàárín omi àti òkè, àwọn igi àpríkọ́ọ̀tì gbára lé ògiri gbogbo ilé. A rí pátákó kan tí wọ́n kọ ILÉ ÀLEJÒ sí, a sì wọlé. Obìnrin tó ni ilé náà ń jẹ́ Kalipa, ó sanra, ojú rẹ̀ pọ́n fún òòrùn, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Láti ẹnu géètì rẹ̀ dé etí omi, àádọ́wàá ìṣísẹ̀ ni. Mo kà á lójú nìkan, torí a ò ráyè fẹsẹ̀ kà á.

Kalipa gbé búrẹ́dì wá, a tọ́ ọ wò. Ó bu tíì.

"Ẹ káàbọ̀ o, màmá. Ọmọ ta ni yín?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń nà wá títí orúkọ baba méje fi jókòó sí wa lẹ́nu. Bí ẹni mú òòlù kan orúnkún èèyàn ni, ẹsẹ̀ á ta fúnra rẹ̀. Mo rí i tí ètè Sairakan ń mì. Mo fẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Ó gbá mi padà, ó sì là á mọ́lẹ̀:

"Ọmọ Sydyk ni mí, ọmọ Barpy, ọmọ Kudaish, ọmọ Tölök, ọmọ Nazarbai..."

Kò tíì dé orí ẹlẹ́kẹfà tí ìkòkò tíì fi já bọ́ lọ́wọ́ Kalipa.

"Nazarbai wo? Èyí tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹṣin funfun, tó fìbínú gun òkè lọ?"

"Òun náà ni."

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn ni baba ńlá ọkọ mi! Ọmọ ilé lẹ jẹ́! Ọkọ mi lobìnrin lẹ jẹ́, ẹ sì jókòó síbí bí èrò ọ̀nà!" Ó dì mọ́ Sairakan, ó sunkún, Sairakan náà sunkún. Ó sáré jáde, ó yí pátákó ILÉ ÀLEJÒ rẹ̀ kojú sí ògiri. Ìgbà tó padà wọlé ni ó wá rí mi. "Tiyín yìí ńkọ́? Àna wa nìyí!"

Mo fọwọ́ bojú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Mo ti ní ọmọ-ọmọ tó ń fá irùngbọ̀n. Láàárín ìgbà tí tíì fi tutù, mo ti padà di ọkọ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá fà mí létí, bí àṣà wa fún àna tuntun.

"Ẹ wo ọkọ tuntun wa! Eyín mẹ́ta ló kó wá!"

"Ó mà pẹ́ kó tó wá kí àwọn àna rẹ̀ o. Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn ni?"

"Ẹ yí etí kejì wá, èyí ti pupa."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fa àgùntàn kan dé ẹnu ọ̀nà kí Sairakan lè tẹ́wọ́ súre sí i. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á pa á, wọ́n á bó o, wọ́n á sè é fún wákàtí mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò náà, àlejò ò gbọdọ̀ dìde nídìí tíì. Bí ẹran bá dé, ìdí àgùntàn ni ti obìnrin tó bá dàgbà jù, igẹ̀ ni ti àna, kò sì sẹ́ni tó lè bu nǹkan kan sẹ́nu kí àgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ò tíì tán. Omi ẹran kù, tíì mìíràn kù, àdúrà ìdìde kù. Ilẹ̀ ti ṣú.

Arìnrìn-àjò kan wà nílé Kalipa, ará Póláǹdì, ọkùnrin tó gùn tó fi jẹ́ pé tó bá fẹ́ wọlé, ìdajì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹyin díndín kan ló ń jẹ láàárọ̀, lẹ́yìn náà á gbé táwẹ́ẹ̀lì kọ́rùn, ó di etí omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá níwájú fèrèsé wa lọ́jọ́ yẹn, tí omi ń kán lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Sairakan gbé eegun tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Ẹni yìí ò ní baba méje ni?"

"Ó ní," mo dáhùn, "ó mọ̀ ọ́n pa mọ́ ni."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó rọra dìde, ó wé gèlè rẹ̀ funfun, ó yọ́ dé ẹnu géètì. Kalipa ti wà níbẹ̀, ó ń fún wàrà.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo? Ta ló ń jáde láìmu tíì?"

Kí a tó mu tíì tán, ọkọ̀ kan ti ń hó lẹ́yìn géètì. Osmonkul ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Kalipa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo gbọ́ pé ẹ ti jẹ nílé Kalipa. Ṣé àgùntàn Kalipa nìkan ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ni?"

Kí la fẹ́ sọ? Bí o bá kọ ọwọ́ ìbátan níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ á gbọ́ ọ níbi ìsìnkú rẹ. A wọ ọkọ̀. Ilé Osmonkul wà lórí gegele, lẹ́yìn ìlú. Láti ibẹ̀, adágún ò ju aṣọ tábìlì lọ. Osmonkul mú ìgbálẹ̀ láti fi tọ́ka, ó sì kọ́ wa ní ìtàn Nazarbai láti àárọ̀ títí dìgbà tí ẹran jinná, ó tún ń bi wá ní ìbéèrè lé e lórí. Mo gba ẹyọ kan péré. Sairakan kọ̀ láti dáhùn. Ojú fèrèsé ló kọ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń wo bí ìlú wa ṣe rẹwà."

"Mò ń wo omi."

"Omi ò ní lọ síbì kankan. Ẹ jẹ àpríkọ́ọ̀tì."

Igẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú mi nílé Osmonkul fẹ̀ ju gàárì ẹṣin mi lọ. Kò sí ìgbà tí mo mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹta ló burú jù. Tokon, ọmọ Osmonkul, ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹran wọn sì wà lórí òkè fún ìgbà ooru. Tokon fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé wa, ó ń gùn, ó ń gùn, etí mi di. Nígbà tí a sọ̀, adágún wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí tíì tó ṣẹ́ kù nídìí abọ́. Níwájú wa, àgọ́ onírun. Lẹ́yìn àgọ́, àgùntàn. Lókè àgùntàn, yìnyín.

Sairakan dúró. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó bá ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tí mo máa ń bẹ̀rù.

"Bàbá Temir. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láti wá wo omi. Wọ́n tún gbé mi padà sórí òkè láti wá wo àgùntàn."

"Mo sọ fún ọ kí o má ka baba."

"Ẹ dákẹ́."

Ìyàwó Tokon gbé wàrà ẹṣin kíkan wá, ó ní, "Màmá, ẹ sinmi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín." Ṣùgbọ́n àgùntàn kan ń tiro nínú agbo. Sairakan mú ojú kúrò lára rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó dìde, ó dá a dùbúlẹ̀, ó yọ òkúta láàárín pátákò rẹ̀, ó sì bú ìyàwó Tokon pé ojú rẹ̀ dà. Ìyẹn ni ìsinmi tó ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé igẹ̀ mi dé, mo bẹ Ọlọ́run kó rán ìkookò wá.

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni bọ́ọ̀sì Tokon máa gbéra, a ò sì lè jẹ́ kó lọ láìsí wa nínú rẹ̀. Láàárọ̀, ó sọ wá kalẹ̀ nílé Kalipa kí a lọ kó ẹrù wa. Mo fọkàn balẹ̀ díẹ̀: ilé Kalipa ló súnmọ́ omi jù. Kalipa dúró sẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Tíì lásán ni, ẹ̀gbọ́n. Tíì ìdágbére lásán. Mi ò ní dá yín dúró."

Nígbà tí a wọ àgbàlá, àgùntàn kan ti dúró nídìí ilẹ̀kùn, ó ń wò wá.

"Kalipa!" mo kígbe.

"Àna, ẹ má dá sí i! Ti Osmonkul tóbi ju tèmi lọ, gbogbo ìlú ló rí i. Ti Tokon ní ọ̀rá ju tèmi lọ. Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ilé mi lẹ ti jẹ èyí tó kéré jù?"

Aago mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Sairakan tẹ́wọ́, ó súre sí àgùntàn náà, ó jókòó sórí ẹní onírun níbi ìjókòó àgbà.  Osmonkul dé, Tokon dé, àwọn aládùúgbò dé. Ará Póláǹdì yẹn kọjá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Aago mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá. Sairakan ń wo òòrùn tó ń rìn lórí ẹní. Mo mọ̀ pé ó ti ń dágbére fún omi náà nínú ọkàn rẹ̀. Ọkàn èmi náà bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kankan ò wá sí mi lẹ́nu, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Wọ́n ń bu ẹran sínú àwo nígbà tí ó dìde.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n!" Kalipa wí. "Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ fọ ọwọ́."

"A máa bu omi wá bá yín níbẹ̀."

"Omi tí mo fẹ́ fi fọ̀ ọ́ pọ̀ díẹ̀."

Ó jáde. Ó la géètì kọjá. Orúnkún rẹ̀ ń dún, kẹ́-kẹ́-kẹ́, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa tú síta, Kalipa pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, Osmonkul pẹ̀lú àwo ẹran. Etí omi ló ti bọ́ bàtà, ó nà án sí mi láìwẹ̀yìn, ó sì wọ inú omi lọ tòun taṣọ. Omi ò jìn níbẹ̀. Ó rìn, ó rìn, kò kọjá itan. Ni ó bá kàn jókòó. Omi wá dé ọrùn rẹ̀. Gèlè funfun yẹn nìkan ló ń léfòó bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Kalipa sáré dé etí omi gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n!" Kalipa ké. "Ẹran ń tutù o!"

"Èmi náà ń tutù. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ìjókòó àgbà ṣófo!" Osmonkul fi ohùn tíṣà sọ ọ́. "A ò lè jẹun!"

"Osmonkul, èmi ni àgbà, mo sì ti jókòó. Ìjókòó yín ló wà níbi tí kò yẹ. Ẹ gbé e wá."

Ní ojú títì, àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń fun fèrè ọkọ̀ lemọ́lemọ́. Tokon ń fò sókè fò sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aago méjìlá ti kọjá! Wọ́n ń bú mi!"

"Máa lọ, ọmọ mi. Ṣé wàá gun òkè yẹn láìgba àdúrà?"

 Awakọ̀ wo ló máa dìde níbi ẹran tí wọ́n ti sè, kí àgbà tó tẹ́wọ́, kó wá lọ gba ibi gegele wọ̀nyẹn? Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo àwo ẹran. Osmonkul mí kanlẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì wọ inú omi pẹ̀lú àwo lórí. Kalipa tẹ̀ lé e, ó ń ṣépè fún òtútù, ó gbé búrẹ́dì sókè kó má tutù. Tokon wọlé tòun ti fìlà. Àwọn aládùúgbò wọlé. Wọ́n yí Sairakan ká bí wọ́n ṣe máa ń yí tábìlì ká.

Ó tọ́ búrẹ́dì wò. Ó mú ìdí àgùntàn, ó gé e jẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú rárá. Lẹ́yìn náà ó fojú wá mi.

"Àna yín dà? Ẹ fún un ní igẹ̀ tirẹ̀."

"Bàtà rẹ ni mo dì mú!" mo pariwo láti etí omi.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, kò ní sá. Ẹ wọlé wá, Bàbá Temir. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí."

Mo wọlé. Omi yẹn ò gbọ́ nípa ooru rí. Èémí mi gba òkè jáde, kò sì padà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo dúró nínú omi yìnyín pẹ̀lú igẹ̀ àgùntàn kẹrin lọ́wọ́, àwọn obìnrin ń fà mí létí láti ẹ̀yìn, wọ́n ní kí ọkọ tuntun má rì. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo rí i, èékánná kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé inú dígí ló wà.

Sairakan gbé ọwọ́ méjèèjì jáde nínú omi, ó tẹ́ ẹ. Gbogbo wa tẹ́wọ́. Ará Póláǹdì tó ń wẹ̀ nítòsí rí wa, òun náà tẹ́ tirẹ̀.

"Kí àgùntàn yín máa pọ̀," ó wí. "Kí omi yín má gbẹ. Kí àwọn ọmọ Nazarbai àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má ja ìjà kankan mọ́, kí wọ́n má fìbínú gun òkè lọ. Kí Ọlọ́run máa rán àlejò tí kò mọ orúkọ baba rẹ̀ sí Kalipa, kí Kalipa lè rí owó gbà. Kí àna yín ní sùúrù."

"Àmín!" A fọwọ́ nu ojú. Kalipa ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Àwọn èrò bọ́ọ̀sì sọ̀ wá, wọ́n fẹ́ wá bá Tokon jà. A fún wọn ní ẹran, ìjà tán. Aago méjì kọjá kí a tó gbéra. Ìjókòó bọ́ọ̀sì rin, Sairakan jókòó sórí àpò kan, omi ń kán lára rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, Tokon ò sì gbọdọ̀ bú u. Mo fẹ́ kó sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Mo dúró títí a fi rékọjá òkè kìíní.

"Sairakan, báwo ni omi náà?"

Ó rò ó dáadáa, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ aládùúgbò wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ó wí. Ó gbé orí rẹ̀ tó tutù lé mi léjìká, ó sì sùn lọ títí a fi délé.

Mo ti búra níbẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ìbúra yẹn já lé ẹṣin mi lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Tokon ò wọ inú omi tòun ti fìlà. Etí omi ló ti bọ́ ọ, ó fi lé orí òkúta kan, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.